Àwọ̀ Kọ́ Ni Ìdílé: Edé Inú Dígí àti Edé Odò Ọ̀pàrà

Bí a bá dárúkọ edé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ bá. Edé gbígbẹ tí ó ti ìhà Kútọ́nu àti Àjàṣẹ́ gòkè wá, tí a lọ̀ mọ́ ata, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán láti inú ìkòkò, ni edé tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń rí edé mìíràn nínú fóònù wọn. Wọ́n ń rí edé pupa fòò, edé tí ó dà bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú aró, edé tí ó ní ìlà dúdú àti ìlà funfun bí òfì, tí wọ́n ń rìn lórí ewé nínú àpótí dígí ní ilé àwọn ènìyàn ní Taiwan, ní Japan, ní Jámánì àti ní Faransé. Ìbéèrè méjì ni èyí sì ń mú wá. Èkíní ni pé, ṣé a lè sin irú rẹ̀ níhìn-ín? Èkejì, èyí tí ó wù wá jù, ni pé kí ni àwọn edé kéékèèké tí ó wà nínú odò tiwa, tí a kò fún ní orúkọ kankan ju edé lọ?

A fẹ́ dáhùn méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ nìkan dá edé mọ̀ yóò ṣìnà, ìbáà jẹ́ nínú dígí, ìbáà jẹ́ nínú odò. Nínú dígí, owó rẹ̀ ni yóò ṣòfò. Nínú odò, ohun tí a lè pàdánù pọ̀ ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ edé pupa tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Edé yìí kò pupa ní ìlú rẹ̀. Àwọn odò ìlà-oòrùn Éṣíà, ní Ṣáínà àti Taiwan, ni ó ti wá. Níbẹ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni ó ní, kí ẹja má baà tètè rí i. Ọmọ Faransé kan, Eugène-Louis Bouvier, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé àkójọ ohun ẹ̀dá ní Paris, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 1904. Ó sọ ọ́ lórúkọ mọ́ Bàbá Armand David, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó rin ilẹ̀ Ṣáínà kiri tí ó ń kó ewéko àti ẹranko jọ. Neocaridina davidi ni àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí. Orúkọ mìíràn ti gorí rẹ̀ láàárín, àwọn tí ó sì ń tà á kò jáwọ́ nínú àwọn orúkọ àtijọ́ náà; bí ẹ bá rí heteropoda nínú ìwé kan, edé yìí kan náà ni.

Ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ ọ́ di pupa. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún edé aláwọ̀ ẹrẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì máa ń wà tí pupa ara wọn ju ti ẹgbẹ́ lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ríran yọ wọ́n sọ́tọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n bímọ fún ara wọn, ó sì tún ṣa èyí tí ó pupa jù nínú àwọn ọmọ. Bí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran ni edé pupa fi dúró. Láti ara edé aláwọ̀ ẹrẹ̀ yìí kan náà ni a ti rí èyí tí ó dà bí ìyeyè tí ó pọ́n, èyí tí ó dà bí aró, èyí tí ó dúdú kirikiri, àti èyí tí orí àti ìrù rẹ̀ ní àwọ̀ ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ mọ́ gaara bí omi. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Ní Japan, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hisayasu Suzuki ṣe irú iṣẹ́ yìí lára edé mìíràn, ìbátan Neocaridina, tí ó ní ìlà dúdú àti funfun. Ní àwọn ọdún 1990, ó rí ìwọ̀nba kéréje láàárín edé rẹ̀ tí dúdú wọn ti di pupa. Ó fi wọ́n ṣe irúgbìn, ó ń ṣà wọ́n, títí ó fi ní ìran tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹ́ pupa àti funfun. Crystal Red ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kan nínú iṣẹ́ náà. Ojú àti sùúrù ni, àti pé kò da àwọn tí ó ṣàjèjì nù.

Kí ni àwọ̀ ọ̀hún pàápàá? Gbogbo ẹni tí ó ti se edé tàbí akàn rí ti rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìkòkò. Bí ó ti wù kí edé ṣú tó tàbí kí ó rí bí aró tó nígbà tí ó wà láàyè, bí omi bá ti hó, pupa ni yóò dà. Kì í ṣe pé iná kun ún ní àwọ̀. Pupa náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀: inú ewéko wẹ́wẹ́ tí ń yọ̀ lórí òkúta odò ni ó ti ń jẹ ẹ́, irú pupa tí ó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa jẹ́ ìbátan rẹ̀. Nígbà tí edé wà láàyè, ohun kan nínú ara rẹ̀ a máa so mọ́ pupa yìí, a sì máa yí i padà sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ẹrẹ̀. Iná a tú ìdè náà, pupa a sì fara hàn.

Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé àwọ̀ edé kì í dúró sójú kan. Lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni àwọn àpò àwọ̀ wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n lè fẹ̀ kí wọ́n sì sún kì. Bí a bá gbé e lé orí yanrìn funfun, yóò ràn. Bí a bá gbé e lé orí òkúta dúdú, yóò jinlẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti ọ̀nà jíjìn, yóò ṣì bí aṣọ tí oòrùn pa. Ọmọdé kì í ní àwọ̀ àgbà. Abo máa ń ní àwọ̀ tí ó ki ju ti akọ lọ, ó sì máa ń tóbi jù ú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń da gbogbo akọ rẹ̀ nù nítorí pé wọn kò pupa tó, kí ó mọ̀ pé òun ń dá ìran náà dúró ni.

Àwọn oníṣòwò ti ṣe ìpele sí pupa yìí: Red Cherry ni èyí tí pupa rẹ̀ ṣe tótòtó, Sakura ni èyí tí pupa bo ara rẹ̀ díẹ̀ sí i, Fire Red ni èyí tí a kò lè rí inú rẹ̀ mọ́. Ìpele yìí kì í ṣe ẹ̀yà, kì í sì í ṣe òfin. Àdéhùn ọjà ni, bí ìgbà tí a bá ń ṣa iṣu ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu kékeré ní ọjà kan náà. Ẹni tí ó bá san owó Fire Red lórí edé tí a gbé lé òkúta dúdú kí ó tó rà á, òkúta dúdú ni ó fi owó rà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí ó bá ní edé pupa, tí ó tún rí edé aláwọ̀ aró, yóò rò pé bí òun bá da méjèèjì pọ̀, òun yóò rí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Inú edé kì í ṣe ìkòkò aró. Nígbà púpọ̀, ọmọ tí yóò jáde kò ní pupa, kò sì ní dà bí aró. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ti àwọn baba ńlá wọn ni yóò gbé wá. Ìdí rẹ̀ ni pé ìran aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tí ó ti sọ nǹkan kan nù nínú ogún àtilẹ̀wá. Èyí tí pupa sọ nù wà lọ́wọ́ aláró, èyí tí aláró sọ nù wà lọ́wọ́ pupa. Bí wọ́n bá pàdé, ogún náà á tún pé, ọmọ á sì padà di ará odò. Iṣẹ́ ìran mẹ́wàá lè bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, àwọ̀ kan, àpótí kan.

Ti Crystal Red yàtọ̀ díẹ̀, ó sì tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣe ìṣirò. Pupa rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí ń fara pamọ́ níwájú dúdú. Bí a bá fẹ́ pupa mọ́ dúdú tí kò ní pupa nínú ìdílé, gbogbo ọmọ yóò jẹ́ dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ méjì nínú àwọn ọmọ dúdú wọ̀nyí mọ́ra, nínú ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan yóò jẹ́ pupa. Bẹ́ẹ̀ ni òbí méjì tí kò ní pupa lójú ṣe lè bí pupa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kà ní kíláàsì lórí ẹ̀wà Mendel kò yàtọ̀ sí èyí. Edé kàn tètè bímọ, a sì ń rí i lójú.

Ó tètè bímọ lóòótọ́. Edé pupa máa ń tó bí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Kí abo tó yé, ẹ ó rí ohun kan bí gàárì ẹṣin ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: ẹyin inú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà tí ó bá bọ́ èèpo ni akọ máa ń wá a, tí ẹyin náà á sì bọ́ sí abẹ́ ikùn rẹ̀, ogún sí ọgbọ̀n, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò máa fi ẹsẹ̀ ikùn fẹ́ wọn ní atẹ́gùn omi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí yóò jáde ti dà bí ìyá wọn pátá, àfi pé wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọn kò nílò iyọ̀, wọn kò nílò òkun. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi lè sìn wọ́n ní yàrá ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó jìnnà sí etí òkun.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́ níhìn-ín. Omi tí ó wà láàárín 20 sí 26 lórí ìwọ̀n Celsius ni ó tù ú lára jù. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, yàrá onípáànù wa á ti kọjá ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbé àpótí náà sí ilẹ̀, ní yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, kí o sì fi aṣọ tútù yí i ká. Ìdí kan náà tí omi inú àmù fi ń tutù ni yóò mú kí ó tutù. Kànìnkànìn tí a fi ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré sí ni ó dára jù láti sẹ́ omi rẹ̀, nítorí pé kò lè fa ọmọ edé wọ inú. Ewé badamier gbígbẹ, igi tí ó ń ṣíji bo ọ̀pọ̀ àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, jẹ́ ibùsùn àti oúnjẹ fún wọn. Omi ẹ̀rọ ni kí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí oògùn inú rẹ̀ lè fò lọ. Bàbà kò gbọdọ̀ kan omi náà rárá. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ oko òwú, kí ó ṣọ́ra gidigidi: oògùn tí ó ń pa kòkòrò òwú ń pa edé kí ó tó pa ẹja, nítorí pé edé súnmọ́ kòkòrò ní ìdílé ju bí ó ti súnmọ́ ẹja lọ.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ni ó gbé wa dé odò tiwa. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣábẹ̀ẹ́ wà láàárín omi méjì, Ouémé ní ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀pàrà ní ìlà-oòrùn, níbi tí ó ti jẹ́ ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà. Bí o bá fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ gbọ́n abẹ́ gbòǹgbò koríko etí omi, edé tí o bá rí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ rárá. Má ṣe jù ú nù. Wo ọwọ́ rẹ̀ kí o tó wo àwọ̀ rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì bá gùn síwájú, tí ìpẹ̀kun wọn sì dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ẹbí Macrobrachium ni. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ní apá ọ̀dọ̀ wa ni Macrobrachium vollenhovenii, tí ó wà nínú àwọn odò láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà, tí àwọn apẹja Ouémé mọ̀ dáradára. Ọdẹ ni; má ṣe fi í sí àpótí kan náà pẹ̀lú edé kékeré bí o kò bá fẹ́ bọ́ ọ. Bí ọwọ́ iwájú rẹ̀ bá kúrú, tí irun wẹ́wẹ́ bí búrọ́ọ̀ṣì sì wà ní orí wọn, tí ó ń fi wọ́n nu òkúta láìsinmi, ẹbí Atyidae ni, ìbátan edé pupa ti Éṣíà. Caridina africana wà lára wọn. Bí edé kékeré kan kò bá fẹ́ rìn lórí òkúta, tí ó ń léfòó ní àárín omi bí ẹni tí kò ní ibi tí ó ń lọ, ronú kan Desmocaris trispinosa, edé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí àwọn ará Yúróòpù ti ń sìn nínú dígí. Ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi, ó sì ń bímọ nínú omi tí kò ní iyọ̀.

Ẹ̀yí tí ó tóbi jù nínú àwọn Atyidae wa ni ó sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí wò dáadáa. Atya gabonensis ni orúkọ rẹ̀. Giebel ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1875, láti Gàbọ́n, ṣùgbọ́n ó wà nínú àwọn odò láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Kóńgò, ní ibi tí omi ti ń ṣàn kíkankíkan láàárín àpáta. Kò ní ẹ̀mú. Abẹ̀bẹ̀ ni ó ní lọ́wọ́, mẹ́rin, tí ó ń ṣí sílẹ̀ nínú omi láti fi gba oúnjẹ tí ń ṣàn bọ̀. Èyí kan lè funfun bí ògì, èkejì lè rí bí eérú, ẹ̀kẹta lè ní àwọ̀ aró tí ó mọ́ rekete, wọ́n sì lè jẹ́ ọmọ odò kan náà. Bí ọ̀kan bá bọ́ èèpo, ó lè jáde pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn. Ní ilẹ̀ òkèèrè, a máa ń ta aláwọ̀ aró ní ọ̀wọ́n bí ẹni pé ìran ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe ìran ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣà á, nítorí pé ọmọ Atya kéékèèké nílò omi iyọ̀ kí wọ́n tó lè dàgbà, ó sì ṣòro púpọ̀ láti tọ́ wọn nínú dígí. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tí ẹ rí nínú àpótí ní Paris tàbí Berlin, inú odò Áfíríkà ni a ti kó wọn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Bí ó ti ṣòro tó láti mú edé tiwa bímọ nínú dígí, bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn fún edé àlejò láti bímọ nínú odò wa. Ní Jámánì, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2013 pé Neocaridina davidi ti fi odò kan ṣe ilé, odò Gillbach, tí omi gbígbóná láti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń ṣàn wọ̀. Macrobrachium kan láti Éṣíà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ àwọn tí ó dàgbà jù lọ nínú ìfẹ́ edé, tí àpótí wọn kún, tí wọn kò sì ní ọkàn láti pa ohun tí wọ́n sìn, ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti sábà ń wá. Ní Jámánì, òtútù ni odi: edé náà kò lè jìnnà sí omi gbígbóná. Ọ̀pàrà kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Ó gbóná tó láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ó sì ń lọ bá Ouémé, tí Ouémé sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí adágún Nokoué. Edé mẹ́wàá tí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan bá dà sínú omi nítorí àánú kò ní dúró sí Ṣábẹ̀ẹ́. Kò sì ní pupa mọ́ lẹ́yìn ìran díẹ̀ nínú odò, nítorí pé ẹja á ti jẹ àwọn pupa tán. Èyí tí yóò ṣẹ́kù ni aláwọ̀ ẹrẹ̀, tí yóò jókòó láàárín Caridina wa tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibi tí fífi àwọ̀ dá nǹkan mọ̀ ti lè ṣe ibi jù lọ nìyí, àwa kò sì tíì ka iye irú tí ó jẹ́ tiwa ní etí omi wa.

Kíkà náà kò nílò owó púpọ̀. Ìgò funfun kan, àwọ̀n, àti ìwé kékeré tó. Kọ ọjọ́ náà àti ibi tí o ti gbọ́n omi. Ya ọwọ́ iwájú edé náà: ẹ̀mú, búrọ́ọ̀ṣì tàbí abẹ̀bẹ̀. Kọ bóyá ẹyin rẹ̀ tóbi, ó sì mọ níwọ̀n, tàbí ó kéré bí eruku tí a kò lè kà. Wá kọ àwọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀sán àti ní òru, nítorí pé wọn kì í sábà bára mu. Má bẹ̀rù láti fi Yorùbá kọ ọ́. Èdè tí ó ní funfun, dúdú àti pupa gẹ́gẹ́ bí agboolé mẹ́ta, tí ó sì ní aró, wàjì, osùn, ìyeyè, eérú àti àlùkò gẹ́gẹ́ bí yàrá inú wọn, kò ní àìtó ọ̀rọ̀ níwájú edé. Àwọn baba wa pẹ̀lú kò fi àwọ̀ ṣáájú nínú sísọ ohun ọ̀sìn lórúkọ. Adìẹ òpìpì lè dúdú, ó lè pupa, ìyẹ́ rẹ̀ tí kò bò ó ni a fi ń pè é ní òpìpì. Lẹ́yìn náà, dá edé náà padà sí ibi tí o ti mú un gan-an, kì í ṣe sí odò mìíràn.

Ní ti àwọn edé àlejò tí o kò fẹ́ mọ́ nínú àpótí rẹ, àwọn tí àwọ̀ wọn ti padà di ẹrẹ̀, fún ọ̀rẹ́ rẹ tí ó ní àpótí. Bí kò bá sí ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ wọn, dà wọ́n sílẹ̀ fún adìẹ ní àgbàlá. Má ṣe da omi àpótí náà sí gọ́tà tí ó ń ṣàn lọ sí odò, nítorí ọmọ edé tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè wà nínú rẹ̀. Ìdí igi badamier ni kí o dà á sí.